Nọ́ńbà 41: bí káàdì rédíò Bàbá ṣe dàrú, àti bá a ṣe tò ó padà

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù kọkànlá ọdún 2023 ni àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti Ìsẹ́yìn, ó ní Bàbá ò fẹnu kan oúnjẹ láti ọ̀sán, pé rédíò wọn ò kọrin mọ́. Mo ní ṣé bátìrì ni, ó ní rárá, bátìrì dáa, FM ń sọ̀rọ̀ dáadáa, orin inú káàdì ni ò jáde. Mo ní kí ló ṣe káàdì, ló bá dákẹ́, dídákẹ́ yẹn ni mo fi mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tí kò fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí rédíò yẹn ṣe jẹ́, torí láìsọ ọ́, ọ̀rọ̀ yìí á dà bí ọ̀rọ̀ eré létí yín. Ẹni ọdún 79 ni Bàbá wa nígbà yẹn, tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, glókómà ló gba ojú wọn. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, nígbà tó fi máa di 2016 tòsì náà ti lọ, kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ni, wọn ò lè rí lẹ́tà mọ́. Ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kàwé tó wá di pé kò rí ìwé kà mọ́, àfi ẹni tó bá ti ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀ ló lè mọ bó ṣe ń rí. Ní 2017 mo ra rédíò kékeré kan fún wọn ní Dùgbẹ̀, irú èyí tó ń lo bátìrì BL-5C ti fóònù Nokia àtijọ́, ó ní ojú ihò fún mẹ́mórì káàdì àti fún fíláàṣì, ó sì ní bọ́tìnnì 0 dé 9 níwájú. Mo kán gọ́ọ̀mù díẹ̀ sórí 5 kó gbẹ kó le, kí ìka wọn lè máa mọ àárín.

Ohun tí Bàbá wá fi bọ́tìnnì wọ̀nyẹn ṣe, mi ò ronú kàn án nígbà tí mo rà á. Rédíò yẹn, tẹ́ ẹ bá tẹ 2 tẹ́ ẹ tẹ 7, orin tó wà ní ipò 27 nínú káàdì ló máa kọ. Láàárín oṣù díẹ̀ Bàbá ti há gbogbo káàdì náà sórí bí ìgbà tí ọmọ iléèwé bá há táímù sórí. 1 dé 12, Kùránì àti wáàsí. 13 dé 22, sákárà. 23 dé 40, àpàlà. Látorí 42 lọ sókè, jùjú, ìjálá, ewì, àwọn orin tí èmi àti àbúrò mi ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di 96. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn wá nǹkan kan. Wọ́n á jí fún Àsùbáà, wọ́n á kírun, wọ́n á tẹ 1. Àlejò á dé, wọ́n á ní ẹ jẹ́ kí n fi Haruna Ishola ṣe yín lálejò, wọ́n á tẹ 31, òun náà ló máa jáde. Ìwé kíkà ni ojú gbà lọ́wọ́ wọn, mo rò pé nọ́ńbà yẹn ló rọ́pò ẹ̀.

Mo fo 41, mo mọ̀. Ìyẹn ni Màmá.

Ní 2018 ni mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ níwájú ilé, tí wọ́n ń ki Bàbá, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Òwú ni Màmá ń tà fáwọn aláṣọ òfì, àwọn ahunṣọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tẹ́ ẹ bá tẹ́tí ẹ máa gbọ́ ìró òfì wọn lẹ́yìn oríkì yẹn, pá, pá, pá, bí ẹni ń bá wọn lùlù. Níbì kan láàárín ẹ̀ Màmá rẹ́rìn-ín, torí Bàbá sọ nǹkan kan láti inú ilé tí fóònù ò gbọ́. Màmá kú ní 2020. Látìgbà náà, kí Bàbá tó sùn lóròòru, 4 àti 1 ni wọ́n máa ń tẹ̀ kẹ́yìn.

Ìgbà tí mo rọ àbúrò mi títí ló tó sọ òótọ́. Ìfẹ́ ló fi ṣe é o, mi ò sì bá a jà. Ó fẹ́ fi wáàsí tuntun kún un fún Bàbá, ó gbé káàdì náà lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ orin sínú káàdì fáwọn èèyàn. Ọmọ yẹn ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà ẹ̀, gbogbo fáìlì inú ẹ̀ bá di shortcut, ìyẹn àmì tó kàn ń tọ́ka sí fáìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju 1KB lọ, ó ní báírọ́ọ̀sì ti jẹ orin tán, ó fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn ni pé ó nu gbogbo inú ẹ̀ kúrò. Ó wá ní káàdì 8GB yìí ti kéré jù lóde òní, ó ta 64GB fún un, ó kó àwọn orin tó wà lọ́wọ́ tiẹ̀ sí i, àbúrò mi sì fi káàdì àtijọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó máa fi padà lọ bèèrè ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti kọ orin ẹlòmíì sí i, wọ́n ti tà á.

Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé báírọ́ọ̀sì yẹn kì í jẹ fáìlì. Ó máa ń fi wọ́n pa mọ́ ni, á wá gbé shortcut tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sójú kí èèyàn lè tẹ̀ ẹ́, kí òun lè rí ọ̀nà gbà wọ kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá ṣí Command Prompt, ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Windows, tẹ́ ẹ kọ attrib -h -r -s /s /d *.* sórí lẹ́tà káàdì náà, gbogbo fáìlì á yọjú padà, ẹ wá pa shortcut rẹ́ kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ apa-báírọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo orin Bàbá wà nínú káàdì yẹn pẹ̀lú ìtò wọn nígbà tí wọ́n ń fọ́máàtì ẹ̀. Tí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí bá ń kà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́máàtì káàdì oníbàárà láìbi í pé ṣé ó ní ẹ̀dà níbòmíì.

Pé 8GB kéré náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Orin MP3 tí wọ́n ṣe ní 128 kbps, bíi 1MB ló ń jẹ ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan nínú àwo orin àtijọ́ tó tó ogún ìṣẹ́jú ò ju bíi 19MB lọ. 8GB á gba orin tó ju wákàtí 130 lọ. Gbogbo ti Bàbá ò tíì tó 2GB.

Lọ́jọ́ Sátidé mo gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ sílé pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù mi. Mo ní ẹ̀dà àwọn orin náà níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé ká ṣáà kó wọn sí káàdì ni, kí n sì padà sí Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Bàbá jókòó sórí àga wọn nínú pálọ̀, rédíò wà lórí itan wọn, wọn ò tàn án. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, wọn ò sọ̀rọ̀ rédíò rárá, ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti iṣẹ́ ni wọ́n ń bi mí.

Ti 64GB yẹn ò gbà mí lákòókò láti mọ̀. Káàdì tó bá ti ju 32GB lọ, exFAT ni wọ́n fi ń tò ó láti ilé iṣẹ́, bí ìlànà káàdì SDXC, irú káàdì ńlá bẹ́ẹ̀, ṣe wí nìyẹn, èyí tó bá jẹ́ 32GB sísàlẹ̀ dé bíi 4GB, FAT32 ni. Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà to fáìlì sínú káàdì ni exFAT àti FAT32. FAT32 ti wà láti 1996, nígbà Windows 95, kò sí rédíò olówó pọ́ọ́kú tí kò gbọ́ ọ. exFAT, 2006 ni Microsoft gbé e jáde, ọ̀pọ̀ rédíò kékeré báyìí ò sì mọ̀ ọ́n rárá, tẹ́ ẹ bá ki káàdì bẹ́ẹ̀ bọ̀ ọ́ á máa ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àbúrò mi ti gbìyànjú pé kó fọ́máàtì ẹ̀ sí FAT32 lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò rí FAT32 níbi tí wọ́n ti ń yàn án, ó rò pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, Windows kì í fi FAT32 lọ èèyàn lójú fèrèsé fọ́máàtì yẹn nígbà náà tí káàdì bá ti ju 32GB lọ. Àwọn ẹ̀rọ mìíì wà tó lè fipá ṣe é, àmọ́ ara mi ò gba káàdì yẹn, ó fúyẹ́ jù, lẹ́tà ara ẹ̀ sì wọ́. Mo fi H2testw yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀fẹ́ ni, ohun tó ń ṣe ni pé ó máa kọ fáìlì kún káàdì dẹ́nu, á wá kà á padà wò bóyá ohun tó kọ lòun ń bá níbẹ̀. Ó gbà á ju wákàtí mẹ́ta lọ, iná lọ láàárín, a tan jẹnẹrétọ̀. Káàdì tí wọ́n kọ 64GB sí lára, ibi tó ṣeé lò nínú ẹ̀ ò pé 8GB. Gbogbo ohun tí èèyàn bá kọ kọjá ibẹ̀, á kàn ṣòfò, orúkọ fáìlì á hàn, orin ò ní sí nínú ẹ̀. Mo jù ú sínú àpò, mo lọ ra 16GB níbòmíì, mo yẹ òun náà wò, ó pé.

Mo wá kó orin sí i. Mo ṣí fódà lórí láptọ́ọ̀pù, mo mú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, mo fi máọ́ọ̀sì wọ́ wọn sórí káàdì. Ó parí, mo ki káàdì bọ rédíò, mo gbé e fún Bàbá. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá fi àtàǹpàkò wá gọ́ọ̀mù orí 5, wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n tẹ 4, wọ́n tẹ 1.

Gìtá jùjú ló jáde.

Wọ́n dúró bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, bóyá wọ́n rò pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì. Wọ́n tún un tẹ̀. Jùjú yẹn náà ni. Wọ́n pa rédíò, wọ́n rọra gbé e sórí tábìlì, wọ́n ní "Òun kọ́." Wọ́n ò bínú, wọ́n ò pariwo. Mo bá àwọn èèyàn tún nǹkan ṣe lórí kọ̀ǹpútà ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí ìgbà kankan tí iṣẹ́ tí mo ṣe bà mí lọ́kàn jẹ́ bíi tọjọ́ yẹn.

Nǹkan méjì ló pa pọ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, rédíò ka orin 82, bẹ́ẹ̀ 96 ni mo kó sí i. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, 14 tó sọnù yẹn, M4A ni gbogbo wọn, àwọn tó wá látorí fóònù, ohùn Màmá sì wà lára wọn, torí lọ́dún tí mo kọ́kọ́ fi í sí káàdì, orí fóònù mi ni mo ti sọ ọ́ di MP3, fóònù yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́, M4A tí mo gbà sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ nìkan ló kù sórí láptọ́ọ̀pù. Rédíò yìí, MP3, WMA àti WAV ló mọ̀. MP3 ti pẹ́ nílẹ̀, àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Jámánì wà lára àwọn tó ṣe é, 1995 ni wọ́n fún fáìlì ẹ̀ lórúkọ .mp3, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀rọ tó bá ti lè kọrin fi gbọ́ ọ. M4A, ọ̀nà mìíì ni wọ́n fi di ohùn sínú ẹ̀. Àbúrò mi ní ká ṣáà pa "m4a" ìparí orúkọ ẹ̀ rẹ́ ká kọ "mp3" síbẹ̀, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìyẹn dà bí ìgbà tẹ́ ẹ bá lẹ bébà "gaàrí" mọ́ àpò ẹ̀wà. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, rédíò á tiẹ̀ kà á mọ́ orin, àmọ́ tó bá débẹ̀ á dákẹ́, tàbí kó fò ó. VLC, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tó ń kọrin, ni mo fi sọ wọ́n di MP3, níbi Convert/Save, ẹ yan Audio MP3, ó ti parí. Ti Màmá, mo lo 192 dípò 128, mo sì fi M4A yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, mi ò pa á rẹ́, torí gbogbo ìgbà téèyàn bá ń yí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ padà ló máa ń jo dànù díẹ̀díẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ojú ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó ṣe nǹkan mìíì.

Ìkejì ni ìtò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Lórí láptọ́ọ̀pù mi, kò sí nọ́ńbà kankan. Díẹ̀díẹ̀ la fi kó orin sí káàdì àtijọ́ yẹn fún ọdún mẹ́fà, ẹni tó bá kó mẹ́ta sí i lónìí, ó di oṣù tó ń bọ̀, bí wọ́n ṣe wọlé ni nọ́ńbà wọn ṣe rí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ fáìlì náà ò sọ nǹkan kan: Track 01, Track 01 mìíì, Side A, AUD-2017 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ tó wá látorí WhatsApp. Mo jókòó mo ń wo wọ́n, mo ní ibo ni mo ti fẹ́ mọ èwo ni 27. Àbúrò mi ló sọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ó ní "Ẹ bi Bàbá."

Lẹ́yìn ìrun Íṣàí mo gbé ìwé elégbèrún ilà kan... rárá, ìwé olójú 40 lásán ni, ti ọmọ àbúrò mi. Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà wọ́n látorí 1. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fa ilà sí i, kí n kọ nọ́ńbà sápá òsì. Tíṣà ni wọ́n, mo fa ilà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Wọn ò kánjú, wọn ò padà sẹ́yìn. 1, Fátíhà àti ìbẹ̀rẹ̀ Bákárà. 2, wáàsí tó dá lórí sùúrù. 13, Yusuf Olatunji, ojú kìíní àwo tí bàbá tiwọn ní, tí gójé ti ń ké kẹ́yìn kó tó parí. Àwọn sákárà àti àpàlà wọ̀nyí, ojú kan nínú àwo ni fáìlì kan, orin mẹ́ta mẹ́rin ló ń wọnú ara wọn, torí náà orúkọ orin ò lè tó fi mọ̀ wọ́n, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá fi ń sọ fún mi. "27 ni èyí tí agídìgbo dá sọ̀rọ̀ kí ìlù tó wọlé. 28, ẹni kan wú ikọ́ níbẹ̀rẹ̀." Mo gbọ́ 28 yẹn kiri láptọ́ọ̀pù mi, mo rí i, ẹnì kan wúkọ́ lóòótọ́, àìmọye ìgbà ni mo ti gbọ́ orin yẹn tí mi ò gbọ́ ikọ́ yẹn rí.

Bá a ṣe ṣe é nìyẹn, wọ́n á sọ, màá wá a, màá tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n á ní òun ni tàbí òun kọ́, màá wá kọ nọ́ńbà síwájú orúkọ fáìlì. 58 àti 59 nìkan ni wọ́n ṣiyèméjì lé, ewì méjì látẹnu akéwì kan náà ni, wọ́n ní kí n tẹ méjèèjì, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní pààrọ̀ wọn. Aago kan òru kọjá ká tó dé 96. Ní 41 wọ́n kàn ní "ìyá ẹ", wọ́n bọ́ sí 42.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀, kò parí. Mo ti kọ nọ́ńbà sí gbogbo wọn, mo tún wọ́ wọn sórí káàdì, wọ́n tún dàrú. Mo pa èyí tí kò sí ní ipò ẹ̀ rẹ́, mo tún un kó sí i, ó lọ jókòó sí ibòmíì. Mo yí orúkọ padà lórí káàdì níbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo òwúrọ̀ Sunday ló bá a lọ. Nígbà tó wá yé mi, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún Bàbá báyìí: ẹ̀rọ kékeré yìí kì í wo orúkọ. Káàdì ní ìwé kan nínú ara ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo fáìlì sí bí wọ́n bá ṣe ń wọlé, rédíò á kàn bẹ̀rẹ̀ látorí ilà àkọ́kọ́, á máa kà á lọ sísàlẹ̀, ilà kìíní ni 1, ilà kejì ni 2. Tẹ́ ẹ bá pa fáìlì kan rẹ́ láàárín, ilà yẹn á ṣófo, èyí tó bá wọlé lẹ́yìn náà sì lè lọ jókòó sójú ilà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dé kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ní tiẹ̀ máa ń tò wọ́n ní A, B, D kó tó fi hàn wá, ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi dára lójú mi tó sì burú lọ́wọ́ wọn.

Bàbá ní, "Ìyẹn ni pé rẹ́jísítà ni."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n ní, "Ọmọ tó bá kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé ni mo máa kọ sí nọ́ńbà kìíní. Tí mo bá fẹ́ kó jẹ́ A, B, D, àfi kí n tò wọ́n síta kí n tó pè wọ́n wọlé." Ohun tó yẹ kí n ṣe gan-an nìyẹn, wọ́n ti sọ ọ́ tán.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe tò wọ́n síta. Tẹ́ ẹ bá mú fáìlì púpọ̀ tẹ́ ẹ fi máọ́ọ̀sì wọ́ wọn, èyí tí ẹ di mú gan-an ni Windows máa kọ́kọ́ kó, bó bá jẹ́ 50 lẹ dì mú, 50 ló máa di nọ́ńbà kìíní, ibẹ̀ ni mo ti ń jìyà láti àná. Mo pa máọ́ọ̀sì tì. Mo fọ́máàtì káàdì lákọ̀tun kí rẹ́jísítà ẹ̀ lè mọ́ láúláú, torí tí ilà òfo bá wà níbẹ̀, ó máa tún dàrú. Mo kó gbogbo orin sí fódà kan lórí láptọ́ọ̀pù, mo ṣí Command Prompt, mo ní kí xcopy, àṣẹ tó ń kó fáìlì láti ibì kan sí ibòmíì, kó wọn, torí xcopy á kó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí NTFS, ìyẹn ọ̀nà tí láptọ́ọ̀pù ń gbà to fáìlì, bá ṣe tò wọ́n lórúkọ ló ṣe máa tẹ̀ lé e. Ó kó, mo tẹ 1, Fátíhà. Mo tẹ 2, wáàsí kọ́ ló jáde, nọ́ńbà 10 ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Èmi ni mo ṣe é: mo kọ 1, 2, 3 sórí fáìlì, lójú fèrèsé Windows ó tò ó dáadáa fún mi, àmọ́ nínú NTFS, 10 máa ń ṣáájú 2, torí lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń wò, 1 sì ṣáájú 2. 001, 002, 003 ló yẹ kéèyàn kọ, kí gígùn wọn dọ́gba. Mo tún gbogbo ẹ̀ kọ, mo tún fọ́máàtì, mo tún pe xcopy. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yìí, ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ DriveSort, á bá a tún ìwé inú káàdì tò láìtún orin kó, àwọn tó ń lo Linux ní fatsort.

Mo tún yọ àmì ohùn kúrò lára orúkọ fáìlì, torí ojú rédíò yẹn ò mọ ẹ, ọ, ṣ tiwa, wóróbo wóróbo ló ń fi hàn, àbúrò mi tó ń wò ó bá Bàbá ò lè ka nǹkan kan níbẹ̀. Ó dùn mí láti kọ Yorùbá láìlámì. Mo fi àmì yẹn sílẹ̀ pé pérépéré nínú ìwé olójú 40.

Ọ̀rọ̀ 41. Kí n tó kó wọn ìkẹyìn, mo ní Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé Màmá sí 1, kẹ́ ẹ máa tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, kó rọ̀ yín lọ́rùn. Mo rò pé mo gbọ́n. Wọ́n ní, "Fátíhà ni 1. Ṣé o fẹ́ fi ìyá ẹ ṣáájú Fátíhà?" Mo ní rárá o. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Tí oorun ò bá tètè gbé mi, 23 ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, màá máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. 40 á parí, màá gbọ́ òfì. Fi í síbi tó wà." Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe rò pé 41 kàn ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ ni, wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀nà tí wọ́n ń rìn.

Ó ku ohun kan tó jẹ mọ́ ìyẹn: ohùn Màmá kéré, ìlù 40 àti gìtá 42 sì le. Tí wọ́n bá yí ohùn sókè fún Màmá, 42 á bú gbàmù lójú oorun. MP3Gain, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà kan, ló bá mi gbé gbogbo wọn wá sí ìwọ̀n kan, 89 dB, kì í tún orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n ohùn nìkan ló ń gbé sókè sódò, orin ò ní jo dànù.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sunday, mo yọ káàdì pẹ̀lú Eject, mo ki í bọ rédíò, ojú ẹ̀ kọ 96. Mo gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Wọn ò lọ sí 41. Wọ́n tẹ 28 kọ́kọ́, ẹni yẹn wúkọ́, wọ́n mirí. Wọ́n tẹ 13. Wọ́n tẹ 59. Ìdánwò ni wọ́n ń ṣe fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tẹ 4, wọ́n tẹ 1, a gbọ́ òfì, pá, pá, pá, ohùn Màmá sì bọ́ sí i, àbúrò mi bọ́ síta. Èmi dúró. Nígbà tó dé ibi tí Màmá ti rẹ́rìn-ín, mo bi Bàbá pé kí lẹ sọ gan-an lọ́jọ́ yẹn láti inú ilé, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún márùn-ún. Wọ́n ní, "Mo ní ó fo bàbá mi àgbà." Ó fò wọ́n lóòótọ́, nínú oríkì yẹn, lẹ́yìn ẹ̀rín ló tó dá wọn padà sí i.

Wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ṣe káàdì kejì tó bá ti àkọ́kọ́ mu délẹ̀, mo fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rédíò, ìkẹta wà lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn pẹ̀lú ìwé olójú 40 yẹn. Àbúrò mi ṣì ń fi orin kún un, ó sì yẹ kó máa fi kún un, àmọ́ àdéhùn wa ni pé 97 ló máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló máa kó wọn, kò sì gbọ́dọ̀ pa nǹkan kan rẹ́. Ó fi méje kún un lóṣù tó tẹ̀ lé e. Bàbá pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ní àwọn ti há 97 dé 103 sórí, pé 101 yẹn ò dùn rárá, ariwo ni, àwọn ò mọ ibi tí àbúrò mi ti rí i. Mo ní ṣé kí n yọ ọ́. Wọ́n ní rárá, kí n má fọwọ́ kàn án o, kí 102 má baà yẹ̀.